Kí Wọ́n Tó Gbé Yín Wọ Tíátà, Ẹ Dárúkọ Dexa

Ọ̀rọ̀ òní, ara mi ló ti ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, lẹ́pa ni gbogbo ayé ń pè mí. Aṣọ ẹbí tó bá ara àwọn ọ̀rẹ́ mi mu, ńṣe ló ń ṣe wọ̀lọ̀wọ̀lọ̀ lára tèmi. Ìyá kan tó ń ta oògùn ní Sábó, níbí ní Ṣágámù, ló fún mi ní hóró oògùn kan, ó ní kí n máa lo méjì lálaalẹ́ pẹ̀lú Practin. Láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti yọ. Inú mi dùn débi pé mi ò béèrè orúkọ ẹ̀. Ọdún kan àtààbọ̀ ni mo fi lò ó.

Ìgbà tí fibroid wá dé, tí wọ́n dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún mi, nọ́ọ̀sì béèrè pé, "Ṣé ẹ ń lo oògùn kankan?" Mo ní rárá. Irọ́ kọ́ ni mo ń pa o! Lójú tèmi, aláìsàn ló ń lo oògùn. Ti ẹwà ni tèmi. Mo tiẹ̀ ti pinnu pé màá dá a dúró lọ́sẹ̀ yẹn.

Dókítà tó máa kun mí lóorun ló wo ojú mi tó rí roboto, ó wo àwọn ìlà fífẹ̀ tó là sí ikùn mi. Bàbá náà ò bú mi. Ó kàn ní, "Ọmọ mi, dexa ńkọ́?"

Ẹnu mi wọhò.

Ó ṣàlàyé fún mi. Lórí kíndìnrín wa méjèèjì, ẹ̀yà ara kékeré kan jókòó síbẹ̀ bíi fìlà. Òun ló ń ṣe họ́mọ̀nù tí wọ́n ń pè ní cortisol, tó ń gbé ìfúnpá ró nígbà tí ara bá wà nínú wàhálà. Iṣẹ́ abẹ sì ni baba wàhálà. Iṣẹ́ cortisol yìí gan-an ni dexamethasone àti prednisolone ń ṣe. Tí èèyàn bá ń gbé wọn mì lójoojúmọ́, ẹ̀yà ara yẹn á ní ẹlòmíì ti ń bá òun ṣiṣẹ́, á lọ sùn. Ó lè gbà á ní oṣù mélòó kan, nígbà míì odidi ọdún, kó tó jí. Tí ẹ bá wá dá oògùn dúró lójijì, tí wọ́n sì là yín, ìfúnpá lè já wálẹ̀ kó má gòkè mọ́. Ní 1952, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà kọ ìròyìn ọkùnrin kan tó ń lo cortisone fún oríkèé ríro. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó kú láàárín wákàtí díẹ̀.

5 mg prednisolone lójúmọ́ fún oṣù kan ti tó kí dókítà fura. Dexa le jù ú lọ: 0.75 mg ẹ̀ ló bá 5 mg yẹn dọ́gba. Hóró kan sábà máa ń jẹ́ 0.5 mg. Ẹ ṣírò méjì tèmi.

Kírìmù tí ẹ fi ń bóra náà ńkọ́? Tí clobetasol bá wà nínú ẹ̀, tí ẹ sì ń fi pa gbogbo ara, ó ń gba awọ wọnú ẹ̀jẹ̀. Ẹ dárúkọ òun náà.

Àtúnṣe ẹ̀ ò sì le, tí wọ́n bá ti mọ̀. Wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́ hydrocortisone 100 mg nígbà tí iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń fún mi lọ lẹ́yìn ẹ̀. Nígbà tí ara yá, wọ́n fi prednisolone rọ́pò dexa, wọ́n ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ má dán dídá a dúró wò fúnra yín.

Hóró ìfètòsọ́mọbíbí tó ní estrogen tún yàtọ̀ o. Ìyẹn lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan, nítorí náà wọ́n sábà máa ń ní kí obìnrin dá a dúró ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú iṣẹ́ abẹ ńlá. Ẹ bi dókítà yín, kí ẹ sì bi í ohun tí ẹ máa fi rọ́pò ẹ̀, kí oyún má baà gba ibẹ̀ wọlé.

Àbúrò mi kan ní Ìkẹ́nẹ́ máa ṣiṣẹ́ abẹ lóṣù tó ń bọ̀. Mo ní kó ya fọ́tò gbogbo ohun tó ń gbé mì àti ohun tó ń fi para, kó fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, kó sì kó wọn dání lọ bá dókítà. Mọ́kànlá ló fi ránṣẹ́. Méjì nínú wọn ò ní orúkọ kankan lára.