Ẹ Fọwọ́ Kan Eérú Kí Ẹ Tó Ṣí Kúrò

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ ìlú wa tó wà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà

 

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí igbó tí àwọn ọmọ wa ní Minnesota fẹ́ lọ pàgọ́ sí nígbà ooru. Boundary Waters ni wọ́n ń pè é. Ìhà àríwá ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ náà ló wà, ó bá Kánádà pààlà. Ó fẹ̀ ju mílíọ̀nù éékà kan lọ, adágún omi inú rẹ̀ sì lé ní 1,000. Ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà lẹ ó fi wọlé. Níbi tí omi bá pin sí, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó gbé ọkọ̀ rù, ẹ ó sì fẹsẹ̀ rìn dé adágún tó kàn. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń wọn ọ̀nà yẹn: ọ̀pá kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 16 àbọ̀, 320 ọ̀pá ló di máìlì kan. Tẹ́ ẹ bá rí 100 lórí máàpù, ẹ má rò pé ẹsẹ̀ bàtà ni o!

Igbó yẹn ní onílẹ̀. Àwọn Ojibwe ti wà níbẹ̀ kí ìjọba Amẹ́ríkà tó dé. Èèpo igi birch ni wọ́n fi ń kan ọkọ̀ wọn láyé àtijọ́, wọ́n sì ń kórè ìrẹsì inú omi ní agbègbè náà títí dòní. Àlejò ni wá níbẹ̀, ká má gbàgbé.

Ẹ má fi igbó ọ̀hún wé tiwa. Tiwa, òjò mélòó kan, ewéko ti bo ojú oko. Tọ̀hún, orí àpáta ló hù sí. Erùpẹ̀ rẹ̀ kò nípọn, òtútù kì í sì í jẹ́ kí igi tètè dàgbà. Bí ẹsẹ̀ èèyàn bá ń tẹ ojú kan ṣáá, erùpẹ̀ á lọ, gbòǹgbò á yọ síta. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi ya ibùdó tó lé ní 2,000 sọ́tọ̀. Ìdáná onírin kan àti ṣáláńgá kan ló wà ní ibùdó kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ nìkan lẹ lè pàgọ́ sí. Èèyàn mẹ́sàn-án pẹ̀lú ọkọ̀ mẹ́rin ni ẹgbẹ́ kan ò gbọdọ̀ kọjá. Láti ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún dé ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án, iye ìwé àṣẹ tí wọ́n ń fún àwọn tó fẹ́ sùn síbẹ̀ níye, torí náà ẹ tètè gbà á.

Ẹ má gbé oúnjẹ inú agolo tàbí ohun mímu inú ìgò lọ, òfin kọ̀ ọ́. Ẹ má bó èèpo igi, ẹ má gé igi tútù. Igi gbígbẹ tó ti wó sílẹ̀ lẹ ó ṣà, ẹ jìnnà sí ibùdó kẹ́ ẹ tó ṣà á. Ọṣẹ ò gbọdọ̀ dé inú adágún. Ẹ da omi àwo nù ní ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 150 sí etí omi. Ẹ pa oúnjẹ mọ́ níbi tí béárì ò ti ní lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ ẹ̀wù ìgbẹ̀mílà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wà nínú ọkọ̀. Bí ojú ọjọ́ bá tiẹ̀ gbóná, omi yẹn lè tutù gan-an.

Ó wá ku iná, òun gan-an ló jẹ mí lógún jù. Ìjì líle ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1999 wó àìmọye igi sílẹ̀ ní agbègbè yẹn, wọ́n sì gbẹ. Nínú oṣù Karùn-ún ọdún 2007, iná sọ létí adágún Ham Lake. Ìwádìí ìjọba sọ pé láti inú iná ibùdó ló ti jáde. Ó jó éékà tó lé ní 70,000, ó sọdá sí Kánádà, ilé àti àhéré tó run lé ní 100. Ẹnì kan á ní, ṣebí mànàmáná náà ń dá iná sílẹ̀ níbẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Igi páínì kan tiẹ̀ wà níbẹ̀, jack pine, tó jẹ́ pé ooru iná ló sábà máa ń ṣí èso rẹ̀ kí irúgbìn tó jáde. Àmọ́ ìyẹn ò sọ pé kí àwa náà dá kún un. Ẹni tó sùn sí ibùdó kejì lè má rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti pe ẹnikẹ́ni, mọ́tò panápaná ò sì lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Kẹ́ ẹ tó sùn, àti kẹ́ ẹ tó ṣí kúrò, ẹ da omi sí iná, ẹ fi igi rò ó, ẹ tún da omi sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ rọra sún ẹ̀yìn ọwọ́ mọ́ eérú náà. Bí ooru bá ṣì ń jáde, ẹ da omi sí i sí i. Ìgbà tó bá tutù pátápátá tẹ́ ẹ lè fọwọ́ kàn án lẹ tó lè lọ. Ẹ má bò ó mọ́lẹ̀ lásán, ẹyin iná lè wà lábẹ́ erùpẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù, àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́.

Ẹ bá mi fi èyí ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ tó ń lọ lọ́dún yìí, kí ẹni tí yóò máa bójú tó iná sì ti wà láàárín wọn kí wọ́n tó gbéra.