Oníṣẹ́ Ọ̀fẹ́ Náà Ń Fẹ́ Ìsinmi

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa ní Okokomaiko àti Ìbà,

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní fóònù tí a rà ní Ọjà Àlàbá. Bí ọmọ bá béèrè ìtàn ìlú kan, a ó tẹ orúkọ ìlú náà, Wikipedia á sì dáhùn. Ta ló kọ ọ́? Láti oṣù Kìíní ọdún 2001 tí ó ti bẹ̀rẹ̀, àwọn tí kò gba kọ́bọ̀ ló ń kọ ọ́. Ti Yorùbá wà níbẹ̀, àyọkà rẹ̀ ju 30,000 lọ. Ti Gẹ̀ẹ́sì ju mílíọ̀nù 6 lọ. Ọwọ́ díẹ̀ ló gbé tiwa dúró.

Kíkọ nìkan kọ́ ni iṣẹ́ náà. Ẹnì kan náà ni yóò fi àmì sórí ọ̀rọ̀, tí yóò pa ìsọkúsọ rẹ́, tí yóò kọ́ ẹni tuntun, tí yóò tún parí ìjà lóru. Òun ló ń ra dátà, òun ló ń ra epo jẹnẹrétọ̀. (Láti oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ẹ̀yin awakọ̀ kò nílò àlàyé.) Ọdún kìíní a máa dùn. Tó bá pẹ́, iṣẹ́ á sú u, á máa kanra mọ́ ẹni tuntun, tàbí kí ó lọ láìdágbére. Àwọn kan á ní ọ̀lẹ ni. A kò gbà!

Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé irú àárẹ̀ yìí kì í ṣe àìsàn: wàhálà ibi iṣẹ́ tí a kò bójú tó ló ń fà á. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún òṣìṣẹ́ tó bá pé oṣù 12 lẹ́nu iṣẹ́ ní ìsinmi ọjọ́ mẹ́fà, ó kéré tán, pẹ̀lú owó. Òfin wo ló dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ ọ̀fẹ́?

Ẹ wo inú ẹgbẹ́ wa náà. Ẹni tó ń gba owó ẹgbẹ́ ló ń kọ ìwé ìpàdé, òun náà là ń pè lóru bí ọlọ́pàá bá mú awakọ̀. Ní fáktírì, bí aago bá lù, ẹlòmíràn á gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ wa, ẹ̀rọ kì í sì í dúró. Kí ló dé tí a kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́ ọ̀fẹ́?

A fẹ́ kí ènìyàn méjì máa wà nídìí iṣẹ́ kan, kí ẹni tó bá rẹ̀ lè sọ pé òun ń sinmi fún oṣù mẹ́ta, kí ẹnikẹ́ni má bú u. Àwọn ọmọ wa tó wà ní LASU nítòsí ibí lè gba apá kan nínú iṣẹ́ Yorùbá náà. Fóònù Àlàbá yẹn tó o ṣe. Kí ẹni tó ti ń bá a bọ̀ tipẹ́ lè pa tirẹ̀, kí ó sùn.