Òṣómàáló Orí Òfúrufú

[ORIN ÌDÁMỌ̀ ÈTÒ. LẸ́YÌN ÌṢẸ́JÚ DÍẸ̀, Ó RỌLẸ̀.]

SỌ̀RỌ̀SỌ̀RỌ̀: Ìdájí ni, ní Ìfẹ̀wàrà. Àkùkọ kò tíì kọ tán tí oníṣòwò kòkó kan fi gbé báàgì rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀. Ó gba Ilé-Ifẹ̀, ó gba Ìbàdàn, ó já sí ọ̀nà Èkó. Oòrùn ti mú kí ó tó dé pápákọ̀ òfúrufú ní Ìkejà. Ó wọ bàálù. Kò tíì mu omi tí wọ́n gbé fún un tán tí wọ́n fi ní kí wọ́n de ìgbànú, Accra ti dé. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa o: ọ̀nà Ìfẹ̀wàrà sí Ìkejà gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Ìkejà sí Accra lókè òfúrufú kò tó wákàtí kan.

[ÌRÓ BÀÁLÙ TÓ Ń GBÉRA.]

Àwọn tí iṣẹ́ ajé ń gbé lọ Accra, Lomé àti Abidjan lemọ́lemọ́ ni ètò àkànṣe òní wà fún. Wọ́n ń pọ̀ sí i láàárín wa. Láti ọdún 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti ṣàdéhùn pé kí àwọn ọmọ ìlú wọn lè wọ ilẹ̀ ara wọn fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Ní ọdún 2017, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ kòkó lágbàáyé kó orílé-iṣẹ́ rẹ̀ kúrò ní London wá sí Abidjan. Ẹni tó ń ṣòwò kòkó nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà rí ìdí tí yóò fi kọjú sí ìwọ̀ oòrùn.

Ìbéèrè wa nìyí: nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù bá ní ká wá forúkọ sílẹ̀ ká máa kó máìlì jọ, ti ta ni ká gbà?

Ká kọ́kọ́ mọ ohun tí máìlì jẹ́. Gbogbo wa la mọ èènì. Bí ìyá oníyẹ̀fun bá wọn ọjà tán, ẹ ó ní, “Ìyá, ẹ fi èènì sí i.” Yóò bu díẹ̀ lé e, inú yín yóò dùn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà lẹ ó sì padà sí lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Máìlì kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 1981, American Airlines gbé ètò kan jáde tí wọ́n pè ní AAdvantage: bí oníbàárà ṣe ń wọ bàálù wọn ni wọ́n ń kọ máìlì sílẹ̀ fún un, bó bá pọ̀ tó, wọn a fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì. Láti ìgbà náà ni àṣà yìí ti gba ayé kan.

Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ kò dọ́gba. Àwọn kan ń wo bí ọ̀nà ṣe jìn tó, àwọn mìíràn ń wo iye tí èèyàn san. N kò ní fi ìyẹn gba àkókò yín. Iye méjì péré ni kí ẹ há sórí: Èkó sí Accra kò ju nǹkan bíi 250 máìlì lọ. Èkó sí London lé ní 3,000. Bí ó bá jẹ́ jíjìn ọ̀nà ni wọ́n ń wò, ẹni tó lọ London lẹ́ẹ̀kan ti kó ohun tí oníṣòwò Accra yóò rìn ní ẹ̀ẹ̀mejìlá kó tó rí. Aṣọ tí wọ́n rán fún ẹni gíga ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ètò wọ̀nyí.

[ÌLÙ DÍẸ̀.]

Ẹ jẹ́ kí n yà níbí, torí ìtàn yìí ni mo fẹ́ràn jù. Ọdún 1907 ni ọkọ̀ ojú irin wọ Òṣogbo. Aṣọ òyìnbó wá súnmọ́ wa. Àwọn bàbá wa nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà di aṣọ lẹ́rù, wọ́n gbé e lọ sí Èkìtì, wọ́n gbé e lọ sí Ìgbómìnà, wọ́n ń ti abúlé dé abúlé. Wọn kì í retí owó lọ́jọ́ tí wọ́n bá tajà. Àwìn ni wọ́n ń tà. Ìwọ mú aṣọ, wọ̀ ọ́ ṣọdún, ó di ọjọ́ báyìí. Bí ọjọ́ bá pé, oníṣòwò dé. Bí onígbèsè bá ní kò sí, kò ní bá a jà, kò ní bú u. Wọ́n ní kó jókòó, kò jókòó. Ẹnu ọ̀nà ni yóò lóṣòó sí. Òṣó ni màá ló títí owó mi yóò fi pé! Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá: òṣómàáló. Àwọn aládùúgbò ń kọjá, wọ́n ń wò, ojú ń ti onígbèsè, nígbà tó yá, owó jáde. Ọ̀pọ̀ ilé lóde Iléṣà ni ìlóṣòó kọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni òṣómàáló rán níléèwé. Bí mo bá rántí ìfaradà àwọn bàbá wọ̀nyẹn, orí mi a wú.

Ohun tó so ó mọ́ máìlì rèé. Ẹ ti san owó tíkẹ́ẹ̀tì tán. Èènì tó yẹ kí ẹ gbà ṣì wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ bàálù. Gbèsè ni wọ́n jẹ yín. Ẹ ti ta àwìn fún wọn, ẹ ti di òṣómàáló. Àmọ́ bàbá yín mọ ẹnu ọ̀nà tí yóò lóṣòó sí. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ẹ rántí Nigeria Airways, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1958, tí erin tó ń fò jẹ́ àmì rẹ̀. Erin náà wó ní 2003. Ẹ rántí Air Afrique, tí orílẹ̀-èdè mọ́kànlá para pọ̀ dá sílẹ̀ ní 1961. Ní 2002, ó ti kógbá sílé. Virgin Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í fò ní 2005, ó di Air Nigeria, ní 2012 ó dáwọ́ dúró. Bí ilé-iṣẹ́ bàálù bá kú, èènì ń bá a lọ sí ibojì ni.

[ÌLÙ.]

Nítorí náà, kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀, ẹ mú ìwé kékeré kan. Ẹ kọ gbogbo ibi tí ẹ fò lọ lọ́dún tó kọjá. Ta ni bàálù rẹ̀ ń gba ọ̀nà yẹn jù? Bí wọ́n bá fagi lé ìrìn-àjò òwúrọ̀, ṣé wọ́n ní ti ìrọ̀lẹ́? Ọjà tí ẹ ń ná ni kí ẹ ti gba èènì. Ẹ má torí èènì lọ ná ọjà tí kò sí lọ́nà yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹni tí ilé-iṣẹ́ bàálù náà ń bá rìn. Ẹ wo ASKY, tó fi Lomé ṣe ibùdó, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fò ní oṣù Kìíní ọdún 2010. Ethiopian Airlines ni alábàáṣe rẹ̀, ẹni tó bá sì wọ ASKY lè kó máìlì rẹ̀ sínú ShebaMiles ti Ethiopian. Ethiopian fúnra rẹ̀ wọ Star Alliance, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù, ní oṣù Kejìlá ọdún 2011. Odò kékeré ń ṣàn sínú odò ńlá nìyẹn: ìrìn Lomé àti Abidjan lè para pọ̀ gbé yín dé Addis Ababa lọ́jọ́ kan.

Tíkẹ́ẹ̀tì máìlì kì í sábà jẹ́ ọ̀fẹ́ pátápátá. Ẹ ó ṣì san owó orí àti owó pápákọ̀, lórí ìrìn kúkúrú bíi ti Accra, owó yẹn kì í ṣe kékeré. Fún oníṣòwò, kílò ẹrù tí wọ́n fi kún un lè níye lórí ju tíkẹ́ẹ̀tì náà lọ. Ẹ béèrè rẹ̀.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ sí mi rèé. Mo fi orúkọ tí wọ́n ń pè mí nílé forúkọ sílẹ̀ níbì kan. Orúkọ tó wà nínú ìwé ìrìnnà mi yàtọ̀. Ìrìn-àjò mẹ́ta, máìlì kan kò wọlé. Mo kọ lẹ́tà títí, pélébé ìwé tí mo fi wọ bàálù, mo ti sọ ọ́ nù. Ó dùn mí gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, bí orúkọ bá ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà ni kí ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì tọ́jú pélébé ìwé yẹn títí máìlì yóò fi…

[ORIN ÌDÁMỌ̀ BẸ̀RẸ̀ SÍ Í WỌLÉ.]

Àwọn olùdarí ètò ti ń ṣẹ́wọ́ sí mi láti ẹ̀yìn gíláàsì. Mo fẹ́ kan ọ̀rọ̀ ẹni tó ni máìlì bó bá jẹ́ ọ̀gá ló san owó tíkẹ́ẹ̀tì, aago kò gbà. Ẹyọ kan péré: kòkó ṣeé tọ́jú sínú àká de ọjọ́ tí owó rẹ̀ yóò gbéra. Máìlì kì í ṣe kòkó. Bó bá ti tó ná, ẹ ná an, nígbà tí ẹnu ọ̀nà ṣì wà tí ẹ lè lóṣòó sí.



[ORIN ÌDÁMỌ̀ GÒKÈ.]