GÌGÍSẸ̀ TÍ Ń DUN NI, ÀTI ÌDÚRÓ LÓRÍ ÌRUN

(Ọ̀rọ̀ tí Lèmọ́mù bá àwọn ọ̀dọ́ àti ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi àpèjọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́)

 Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó fún wa ní ẹsẹ̀ tí a fi ń rìn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, bàbá kan nínú jámáà wa gbé àga wá sí mọ́sáláṣí. Mo wò ó: kò lo ọ̀pá, kò tiro. Mo sọ nínú ọkàn mi pé ọ̀lẹ ni. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà, mo jí láti kírun àsùbáà. Bí mo ti fi ẹsẹ̀ ọ̀tún kan ilẹ̀, ó dà bí ẹni pé mo tẹ ìṣó mọ́lẹ̀. Mo di ògiri mú dé ibi tí mo ti ṣe àlùwàlá. Nígbà tí mo rìn díẹ̀, ó rọlẹ̀. Nígbà tí mo jókòó pẹ́ tí mo sì dìde, ó tún dé. Nígbà náà ni mo rántí bàbá yẹn, ojú sì tì mí.

Àwọn kan ní ayé ni ó fi nǹkan sí ọ̀nà mi, pé kí n lọ sín gbẹ́rẹ́. Mo kọ̀, ilé ìwòsàn ni mo gbà lọ.

Àlàyé tí mo gbọ́ nìyí. Iṣan fífẹ̀ kan wà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ tí ó so egungun gìgísẹ̀ mọ́ ìdí àwọn ọmọ ìka. Bí ọsán ti fa ọrun, bẹ́ẹ̀ ni ó fa àtẹ́lẹsẹ̀. Ìdúró pípẹ́ lórí ilẹ̀ líle, bàtà pẹlẹbẹ tí ìdí rẹ̀ ti jẹ, ara tí ó wúwo jù àti iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ tí ó le ni ó máa ń mú kí ó ṣèṣe níbi tí ó ti so mọ́ gìgísẹ̀. Láàárín ọmọ 40 ọdún sí 60 ni ó wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tí ń sáré kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò le, sùúrù ni ó gbà. Èkíní, kí o tó sọ̀kalẹ̀ lórí ibùsùn, fi ọwọ́ fa àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ náà wá sí ìhà ojúgun, ka ení dé ẹ̀wá, tún un ṣe nígbà mẹ́wàá. Èkejì, kọjú sí ògiri, fi ọwọ́ méjèèjì tì í, kí ẹsẹ̀ tí ń dùn wà lẹ́yìn, kí orúnkún rẹ̀ nà, kí gìgísẹ̀ má kúrò nílẹ̀. Dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Ẹ̀kẹta, yí ìgò omi tútù lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ̀kẹrin, wọ bàtà tí ìdí rẹ̀ nípọn tí ó sì rọ̀, àní nínú ilé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ara wọn máa ń yá láàárín oṣù mélòó kan sí ọdún kan. Má ṣe máa gbé oògùn ìrora mì lójoojúmọ́ láìbi dókítà. Ó lè dá egbò sí inú.

Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, kí ó ṣọ́ra gidigidi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lè kú tí kò ní mọ̀. Kí ó má ki í bọ omi gbígbóná, kí ó sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́. Bí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni bá wú, tí ó pọ́n, tí ibà bá bá a wá, tàbí tí kò lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ìṣubú, kí ó tètè lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò Hájì, ẹ ti ilé bẹ̀rẹ̀ ìrìn. Ìrìn ẹ̀ẹ̀meje láàárín Sàfá àti Máríwá nìkan tó nǹkan bí kìlómítà 3, lórí òkúta dídán.

Ní ti ìrun, ẹni tí ó lè dúró kò gbọdọ̀ jókòó nítorí ìrọ̀rùn lórí ìrun ọ̀ranyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè dúró, tàbí tí ìdúró ń dá kún àìsàn rẹ̀, ẹ̀sìn ti yọ̀ǹda fún un. Ẹni tí ó bá sì lè dúró díẹ̀, kí ó dúró ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ mọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá rí àgbà lórí àga, ẹ má wò ó ní ìwòkuwò. Ẹ bá a gbé àga náà. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá yẹn. Ẹ̀rín ni ó fi dá mi lóhùn, ó sì kọ́ mi bí a ti ń yí ìgò.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà, kí Ó sì fi ẹsẹ̀ wa rinlẹ̀ lójú ọ̀nà Rẹ̀. Àmín.