Báwo Ni Wẹ́kú Ṣe Wẹ́kú Tó?

Atọ́kùn ètò wa ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìbọn àti ìwọ̀n. Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé kí ni olùkọ́ èdè ń wá nídìí ìbọn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó gbé mi débẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ni 'wẹ́kú'. Bí ọmọrí bá bá ìkòkò mu, a ó ní ó ṣe wẹ́kú. Bí bàtà bá gba ẹsẹ̀, a ó ní ó ṣe rẹ́gí. A kì í béèrè pé wẹ́kú náà tó mélòó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń ṣe ìbọn ní láti béèrè.

N ó ti ilé bẹ̀rẹ̀. Ọdẹ ni àbúrò bàbá mi, ìbọn ṣakabùlà tí wọ́n rọ ládùúgbò wa ni ó sì ń lò. Ní òru ọjọ́ kan, ó yin ìbọn náà sí ẹran, ọ̀pá ìbọn bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì gé àtàǹpàkò rẹ̀ lọ. Àwọn kan ní ẹtù ni ó rọ jù. Àwọn mìíràn ní aráyé ni ó ṣe é. Kò sí ẹni tí ó wọn ọ̀pá ìbọn náà. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí n tó gbé irin tí ó fàya náà lọ bá ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ. Ó fi ayùn gé e ní ìbú, ó sì fi ohun ìwọ̀n sí i lára. Ihò inú rẹ̀ kò sí ní àárín gbùngbùn: ẹ̀gbẹ́ kan nípọn tó ìlọ́po méjì ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ̀gbẹ́ tí ó fẹ́lẹ́ ni ó bẹ́. N kò dá agbẹ̀dẹ náà lẹ́bi tán. Ojú àti ọwọ́ ni ó fi ń wọn nǹkan, ojú rẹ̀ sì mú ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n ojú kì í rí inú irin.

Ẹ jẹ́ kí a wá rìn dé ìlú Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Joseph Whitworth, tí a bí ní 1803, kì í ṣe ọdẹ, kì í sì í ṣe ọmọ ogun. Ẹ̀rọ ni ó ń ṣe. Òun ni ó fi ìwọ̀n kan ṣoṣo lélẹ̀ fún bóòtù ní 1841, kí bóòtù ilé-iṣẹ́ kan lè wọ nọ́ọ̀tì ilé-iṣẹ́ mìíràn. Ó ní òrùka irin kan tí fífẹ̀ ihò rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 0.5770, ó sì ní irin róbótó méjì: ọ̀kan jẹ́ íǹṣì 0.5770, èkejì 0.5769. Èkíní wọ inú òrùka náà wẹ́kú; èkejì ń mì nínú rẹ̀ bí ẹni pé kì í ṣe tirẹ̀. Ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì jẹ́ ìdá kan nínú 10,000 íǹṣì. Ojú kò rí i, ọwọ́ sì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀.

Ní 1854, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kí ó bá wọn ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa ṣe ìbọn ráífù. Èsì rẹ̀ wù mí púpọ̀. Ó ní òun kò ní ṣe ẹ̀rọ kankan títí òun yóò fi mọ ohun tí ó ń mú kí ìbọn kan dára ju èkejì lọ. Wọ́n sì kọ́ ibi ìdánwò kan fún un lẹ́bàá ilé rẹ̀ ní Rusholme, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 500 yáàdì. Mélòó nínú wa ni ó ń béèrè bẹ́ẹ̀ kí ó tó gbé owó ìjọba?

Ẹ mọ̀ pé inú ọ̀pá ráífù ni a ń gbẹ́ ìlà tí ó lọ́ bí okùn sí, kí ọta lè máa pòòyì bí ó ti ń jáde. Òkòtó tí ó ń pòòyì kì í tètè ṣubú. Nínú ìbọn Enfield ti àwọn ọmọ ogun, ihò fẹ̀ tó íǹṣì 0.577, ìlà náà sì gba íǹṣì 78 kí ó tó yí po lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ọ̀pá rẹ̀ kò sì ju íǹṣì 39 lọ, ìdajì ìyípo ni ọta ń ṣe kí ó tó jáde. Whitworth dín ihò kù sí íǹṣì 0.451, ó fi igun mẹ́fà sí i, ó sì mú kí ìlà yí po lẹ́ẹ̀kan nínú íǹṣì 20. Wọ́n dán méjèèjì wò ní 1857. Ní 500 yáàdì, ọta Enfield ń yà kúrò lójú kan bí íǹṣì 27. Ti Whitworth ń yà bí íǹṣì 4 lé díẹ̀. Ní 1400 yáàdì, Enfield kò ba àmì náà mọ́ rárá, Whitworth sì ń bà á síbẹ̀.

Ẹ óò rò pé ọ̀rọ̀ parí níbẹ̀. Kò parí. Àwọn àgbà ológun ní ihò náà ti kéré jù, pé èérí ẹtù máa ń dí i, pé owó rẹ̀ sì pọ̀ jù. Òótọ́ ni ti èérí, òótọ́ ni ti owó pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ti kíkéré ihò, èrò lásán ni. Nítorí nígbà tí ìjọba kan náà gba ìbọn Martini-Henry wọlé ní 1871, íǹṣì 0.450 ni ihò rẹ̀.

Kí ó má baà dàbí ẹni pé ìtàn òkèèrè ni mo ń pa: ìbọn Enfield yẹn náà ni wọ́n gé ní ìdí ní 1866, tí wọ́n fi ìlẹ̀kùn irin kékeré sí i, kí a lè máa ti ìdí ki ọta bọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ń pè é ní Snider. Snider yìí wà lára ìbọn tí àwọn Èkìtì Parapọ̀ gbé kojú àwọn ará Ìbàdàn nínú ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Ẹni tí ó ń fi ṣakabùlà jà kò tíì ki ẹtù tán tí ẹni tí ó mú Snider dání ti yìnbọn léraléra. Àwọn agbẹ̀dẹ wa lè tún apá kan rẹ̀ ṣe bí ó bá bàjẹ́, ṣùgbọ́n ọta rẹ̀ tòkèèrè ni, nítorí ọta tí ó bá fi ìwọ̀nba díẹ̀ tóbi jù kò ní wọlé.

Lóde òní ńkọ́? Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìbọn tí ń lo ọta .308 Winchester ṣe é yìn láìséwu, irin ìwọ̀n méjì ni a ń tì bọ ìdí rẹ̀. Gígùn ọ̀kan jẹ́ íǹṣì 1.630: ìdí ìbọn gbọ́dọ̀ pa dé lórí rẹ̀. Èkejì jẹ́ 1.634: kò gbọdọ̀ pa dé lórí rẹ̀. Ìyàtọ̀ wọn kò ju nínípọn tákàdá kan lọ. Inú àlàfo yẹn ni wẹ́kú ń gbé. Ẹni tí ń ṣe ìbọn kò sọ pé òun kò ní ṣàṣìṣe. Ó sọ ibi tí àṣìṣe òun kò ní kọjá. Mo dábàá pé kí a máa pe àlàfo náà ní 'àyè ìyàtọ̀'. Akẹgbẹ́ mi kan fẹ́ 'ìfàyègbà', ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ti lọ sọ́dọ̀ àwọn oníwàásù, ó ti di ìwà. Nǹkan tí a lè fi íǹṣì wọ̀n ni èmi ń wá.

Ó ku àwọn ayìnbọn fúnra wọn. Bí ẹ bá gbọ́ àríyànjiyàn wọn lórí ọ̀pá tí ó nípọn, awò tí a ń gbé sórí ìbọn, àti ọta tí owó rẹ̀ wọ́n, ẹ ó rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni. Ẹnì kan yóò yin ọta mẹ́ta, wọn yóò ṣù jọ lójú kan bí ẹyin adìẹ, yóò ká ìwé àmì náà sápò, yóò sì máa fi hàn kiri. Ìwé tí ọta ti fọ́n ká ńkọ́? Ó ti jù ú nù. Bí ó bá yin mẹ́wàá dípò mẹ́ta, pẹ̀lú ìbọn kan náà, fífẹ̀ agbo ọta rẹ̀ yóò máa tó nǹkan bí ìlọ́po kan ààbọ̀. Ìbọn kò bàjẹ́. Ẹ̀rí ni ó pọ̀ sí i. Ó sì yẹ kí a ya ohun méjì sọ́tọ̀: ọta lè ṣù jọ síbi tí kì í ṣe ojú àmì. Ẹni bẹ́ẹ̀ tàsé, ṣùgbọ́n ojú kan ni ó ń tàsé sí, ó rọrùn láti tọ́ ọ sọ́nà. Ẹni tí ọ̀kan ṣoṣo bà fún, tí yòókù fọ́n ká, kò mọ ohun tí yóò tún ṣe.

Mo gbé irin tí a gé náà lọ fi han àbúrò bàbá mi. Ó fi ọwọ́ tí kò ní àtàǹpàkò yẹn pa ẹ̀gbẹ́ tí ó fẹ́lẹ́, ó tún pa ẹ̀gbẹ́ tí ó nípọn. Ó ní, "Ṣé ẹni tí ó rọ ọ́ mọ̀?" Mo ní, "Bàbá, kò lè mọ̀; kò ní ohun tí ó lè fi wọ̀n ọ́n." Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ní kí n bá òun wá irú ohun ìwọ̀n bẹ́ẹ̀, kí òun gbé e lọ fún ọmọ agbẹ̀dẹ náà, nítorí òun ni ó ń rọ ìbọn báyìí.