ÌFẸ́ ÀTI ILẸ̀: Ọ̀rọ̀ lórí Ìwé Ìtàn Ìfẹ́ Àwọn Onígbàgbọ́ Amẹ́ríkà



Ó lè ya àwọn mìíràn nínú yín lẹ́nu pé orí ìwé ìtàn àròsọ ni a ó sọ̀rọ̀ lé lónìí. Àwọn kan ń wí pé kí a gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọbìnrin wa, nítorí pé ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí, irọ́ ni. Àwa kò rí i bẹ́ẹ̀. Olúwa wa pàápàá fi òwe kọ́ni, kò sì sí ẹni tí ó bi í léèrè orúkọ baba ọmọ onínàákúnàá nì. Ohun tí ó tọ́ kí a béèrè nípa ìwé ni pé, kí ni ó ń kọ́ ọkàn ẹni tí ń kà á?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí ìtàn wọ̀nyí ti ṣẹ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn fi ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà sílẹ̀, wọ́n sì kọjú sí ìwọ̀-oòrùn nínú kẹ̀kẹ́ ẹrù tí a fi aṣọ bò, tí màlúù ń fà. Ní 1862, Ààrẹ Abraham Lincoln fi ọwọ́ sí òfin tí ó fi eékà ilẹ̀ 160 fún ẹni tí ó bá gbé orí rẹ̀ fún ọdún 5, tí ó kọ́lé síbẹ̀, tí ó sì ro ó. Obìnrin tí kò lọ́kọ àti opó pàápàá lè gba tiwọn. Ṣùgbọ́n àrùn onígbáméjì pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ lójú ọ̀nà. Ọkọ a kú, aya a ṣẹ́kù. Aya a kú, ọmọ ọwọ́ a ṣẹ́kù. Ilé ẹbí sì jìnnà réré.

Inú irú ìpọ́njú bẹ́ẹ̀ ni Janette Oke, obìnrin ará Kánádà, ti fa ìwé rẹ̀ Love Comes Softly yọ, èyí tí a tẹ̀ ní 1979. Marty jẹ́ ọ̀dọ́ opó tí ó lóyún. Ọjọ́ tí a sin ọkọ rẹ̀ gan-an ni Clark Davis, tí aya tirẹ̀ náà ti kú, wá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wá ṣe ìyá fún ọmọbìnrin kékeré òun. Ó ṣèlérí pé bí kò bá fẹ́ dúró, òun yóò san owó ọ̀nà rẹ̀ padà nígbà tí òtútù bá lọ. Orúkọ ìgbéyàwó nìkan ni wọ́n jọ ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ń gbàdúrà nídìí oúnjẹ lójoojúmọ́, ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kò sì fi agbára mú un. Nígbà tí àkókò ìpadà dé, ẹsẹ̀ Marty kò fẹ́ kúrò mọ́. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, a di ọṣẹ.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún ìran tí ó rò pé ìgbà tí ọkàn bá gbóná ni ìfẹ́ wà, tí ó bá sì tutù, ìgbéyàwó ti parí. Francine Rivers lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú Redeeming Love, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1991. Ó gbé ìtàn wòlíì Hóséà lọ sí Kalifóníà ní ayé àwọn awawúrà, ó sì fi àgbẹ̀ kan hàn wá tí ó fẹ́ obìnrin tí a ti tà sínú aṣẹ́wó láti kékeré. Obìnrin náà sá, ọkùnrin náà kò yé fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọbìnrin wa, ẹ ṣọ́ra: ọkọ inú ìwé kì í hanrun, kì í sì í jẹ gbèsè. Ẹ má ṣe fi í wọn ọkọ tí ẹ ní nílé.

Ọ̀rọ̀ mìíràn kù, òun ni ó sì wúwo jù. Àwọn àgbà wí pé agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọ̀pọ̀ nínú ìwé wọ̀nyí ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ náà ṣófo. Kò ṣófo. Òfin 1830 ni a fi bẹ̀rẹ̀ sí lé àwọn onílẹ̀ kúrò ní ìlà-oòrùn. Ní 1838 a lé nǹkan bí 16,000 ènìyàn Cherokee kúrò nílé baba wọn. A sì ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 4,000 ni ó kú. Àwọn ènìyàn yìí ní ìwé kíkọ tí Sequoyah ọmọ wọn ṣe, wọ́n ní ìwé ìròyìn láti 1828, àwọn Kristẹni sì wà láàárín wọn. Jesse Bushyhead, pásítọ̀ ọmọ Cherokee, wà lára àwọn tí ó ṣáájú wọn nínú ìrìn náà. Míṣọ́nnárì Samuel Worcester ti wẹ̀wọ̀n ní Georgia nítorí pé kò fara mọ́ òfin tí a fi ń ni wọ́n lára. Ta ni yóò ka ìtàn ọgbà àjàrà Nábótì, tí kò ní rántí wọn?

Nítorí náà, a kò ní kí ẹ sun ìwé wọ̀nyí. Ẹ kà wọ́n, ẹ jọ kà wọ́n, tọkọtaya. Kí ọkọ kọ́ sùúrù Clark, kí aya mọ̀ pé ìfẹ́ lè wọlé jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá dé ibi tí inú ìdílé náà ń dùn lórí pápá tuntun wọn, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ sì béèrè ẹni tí ó ń ro ó tẹ́lẹ̀. Ìfẹ́ tí ó kún inú ilé, tí kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a lé kúrò ní ààlà oko, ó kù díẹ̀ kí ó tó di ìfẹ́ ti Kristi.

Kí Ọlọ́run fi òye fún wa nínú ohun gbogbo tí a bá ń kà. Àmín.