Ẹni Tí Yóò Jókòó Ti Ọmọ



Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn Míísà, a ní kí ọmọdékùnrin kan tó wà ní ìwé kẹrin ka ojú ewé kan fún wa nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Ó kà á gaara, inú wa sì dùn. Nígbà tí a ṣí ojú ewé mìíràn, tí a fi ọwọ́ bo àwòrán rẹ̀, ọmọ náà dákẹ́, omi sì lé ròrò sí i lójú. Ó ti há ti àkọ́kọ́ sórí ni. Kò mọ̀wé kà.

Ìyá rẹ̀ kò kọ́kọ́ gbà wá gbọ́, nítorí oṣooṣù ni ó ń san owó lẹ́sìn. A kò dá a lẹ́bi. Ẹni tó ń gba ọ̀nà Nyanya lọ síbi iṣẹ́ ní ìdájí, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ń dá padà sílé lóru, ìgbà wo ni yóò gbọ́ ìwé kíkà ọmọ? Lẹ́sìn ọ̀hún sì rèé, ọmọ mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ níwájú olùkọ́ kan, tí wọ́n ń da ohun tó wà lójú pátákó kọ. Àjọ UNICEF ti sọ ọ́ pé nínú àwọn ọmọ ọdún 7 sí 14 ní Nàìjíríà, bí mẹ́ta nínú mẹ́rin ni kò lè ka gbólóhùn kékeré kí ó yé wọn.

Màmá àgbà kan nínú ìjọ wa, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ olùkọ́, gbà láti máa jókòó ti ọmọ yìí nìkan fún ìdajì wákàtí, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Wọn kò fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀. Aláwìíyé tí olóògbé J. F. Ọdúnjọ kọ ni wọ́n gbé kalẹ̀, nítorí etí ọmọ náà ti mọ àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ojú ló kù kí ó mọ̀ wọ́n. Ọmọ á ka ìlà kan sókè, Màmá á dákẹ́ gbọ́ ọ. Bí ó bá kọsẹ̀, wọn kì í sáré bá a pe ọ̀rọ̀ náà. Wọn á ní kí ó gé e wẹ́wẹ́, kí ó tún un pè. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀: àmì orí wọn ni wọ́n fi là á lóye. Ọ̀rọ̀ tuntun mẹ́ta péré lójúmọ́, kí ó sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ gbólóhùn tirẹ̀. Ẹ kíyè sí i, tirẹ̀, kì í ṣe ti olùkọ́.

Àwọn kan ní Yorùbá yóò ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní Modákẹ́kẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàrin iṣẹ́ yòókù. Gẹ̀ẹ́sì wọn kò rẹ̀yìn sí ti ẹgbẹ́ wọn. Síbẹ̀, ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Ìjọba Àpapọ̀ fagi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àga ẹ̀gbẹ́ ọmọ nílé wá di ti ẹ̀yin òbí, tàbí ti ẹni tí ẹ bá bẹ̀, ìbáà ṣe lọ́jọ́ Sátidé nìkan.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ náà kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀ àgbà ní Ìlá. Ó ní bí Kérésìmesì bá dé, òun yóò wọ ọkọ́ wá kí wọn. A ti na ọwọ́ sí bírò, ṣùgbọ́n Màmá dá wa dúró. Wọ́n ní, “Fadá, ẹ jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìyá àgbà rí nǹkan rẹ́rìn-ín sí.”